Aràn Tín-ín-rín Tí Kì í Tán Lára Ọmọ Iléèwé

Bí ọmọ bá ń họ ìdí lóru, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé súgà ló fà á. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa ń rí. Aràn funfun kan, tó tín-ín-rín bí òwú, ló ń jáde lóru wá yé ẹyin sí ẹnu ihò ìdí. Bí ọmọ bá ti họ ọ́, ẹyin a wọ abẹ́ èékánná, ọwọ́ a sì dá a padà sí ẹnu, tirẹ̀ tàbí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní iléèwé.

Oògùn a máa pa aràn, ṣùgbọ́n kì í pa ẹyin. Ẹyin náà sì lè wà láàyè lára aṣọ ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ 2. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Nítorí náà, kí gbogbo ará ilé lo oògùn lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sì tún un lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2. Kí aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ gé èékánná ọmọ, ẹ wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ẹ fọ aṣọ ibùsùn, ẹ kọ́ ọ kí ó máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun.

Ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì fi í ṣẹ̀sín. Àìsàn ni, kì í ṣe ìwà ọ̀bùn.