Bí A Ti Ń Yan Àwọn Tí Yóò Kọ́ Iṣẹ́ Dókítà
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní ìpàdé rẹ̀ ní Mile 12

 

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ ni bí a ti ń yan àwọn ọmọ tí ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni èyí fi kan Ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú èdè àti àṣà. Èmi yóò dá a lóhùn pé ó kàn wá gidigidi. Ẹni tí a bá yàn lónìí ni yóò dúró tì wá ní ibùsùn àìsàn ní ọdún mẹ́wàá òní. Ọwọ́ rẹ̀ ni aya àti ọmọ wa yóò wà ní ọjọ́ ìrọbí. Òun ni yóò sì pinnu, ní òru tí kò sí ẹlòmíràn nítòsí, bóyá kí a gbé aláìsàn lọ sí yàrá iṣẹ́-abẹ tàbí kí a dúró di òwúrọ̀. Kò yẹ kí ìlú tí ó gbọ́n ṣàìbìkítà nípa ẹni tí ó ń fi ẹ̀mí rẹ̀ lé lọ́wọ́.

Kí òyìnbó tó dé, àwọn baba wa ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yan ẹni tí yóò kọ́ ìṣègùn. A bí ẹlòmíràn sínú ìdílé iṣẹ́ náà. Ẹlòmíràn ni òbí rẹ̀ mú lọ bá oníṣègùn tàbí babaláwo láti kọ́ṣẹ́. Èmi kì í ṣe ẹlẹ́sìn wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ó dára, ó dára. Ọ̀gá kì í fi ọjọ́ kan ṣoṣo mọ ọmọ. Ọmọ a máa gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, a máa já ewé, a máa wa egbò, a máa jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sán àti ti òru. Ní gbogbo àkókò náà ni ọ̀gá ń wò ó bóyá ó ní sùúrù, bóyá ó lè pa àṣírí aláìsàn mọ́, bóyá ó ń purọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì í. Ọmọ tí kò bá ní ìwà, a kì í fi ìjìnlẹ̀ iṣẹ́ hàn án. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a yin ìgbà àtijọ́ kọjá bí ó ti yẹ. Ilẹ̀kùn náà há púpọ̀. Ọmọ tí kò ní ẹbí nínú iṣẹ́, tí kò sì mọ ọ̀gá kankan, kì í sábà rí ibi wọlé.

Nígbà tí ìṣègùn òyìnbó dé, àwọn ẹlòmíràn ni ó ń bá wa yan. Ní ọdún 1855, Ìjọ Míṣọ́nnárì CMS àti Ilé-iṣẹ́ Ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yan ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Sierra Leone láti lọ kọ́ ìṣègùn ní King's College ní London. Àwọn ni William Broughton Davies, tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. James Horton, tí òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò. Àti Samuel Campbell, ẹni tí àìsàn dá padà sílé tí ó sì kú. Àwọn tí ó yàn wọ́n ti mọ ibi tí wọn yóò rán wọn lọ kí wọ́n tó yàn wọ́n: àwọn dókítà òyìnbó ń kú ní etí òkun wa, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò lè gbé ibẹ̀ kí ó sì ṣiṣẹ́. Kí ọdún 1859 tó parí, Davies àti Horton ti di dókítà. Wọ́n padà wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì fi ọdún púpọ̀ ṣe dókítà ológun níbẹ̀.

Èyí ti tó láti fi hàn pé orí ọmọ adúláwọ̀ pé. Ṣùgbọ́n ní 1902, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó iṣẹ́ dókítà gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sábẹ́ ẹgbẹ́ kan, West African Medical Staff, ó sì pàṣẹ pé ẹni tí òbí rẹ̀ jẹ́ òyìnbó nìkan ni kí ó wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọ wa bí Dókítà Obadiah Johnson, ẹni tí ó tẹ ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ jáde, ti gba oyè ní Edinburgh ṣáájú àṣẹ náà. Àwọ̀ ara di ìdánwò, ẹni tí ó bá sì kùnà nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò lè tún un ṣe.

Ní 1930 ni a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìṣègùn ní Yábàá, ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ dókítà ni a ń kọ́ níbẹ̀, oyè wọn kò sì níyì lókè òkun. Nígbà tí a ṣí Higher College ti Yábàá ní gbangba ní 1934, ìbínú sí irú ẹ̀kọ́ ìdajì bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó bí Lagos Youth Movement ní ọdún náà gan-an. Ìbàdàn ni ẹ̀kọ́ kíkún ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú University College ní 1948, tí ilé-ìwòsàn rẹ̀, UCH, sì ṣí ní 1957. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn ti Ìdí-Àràbà tẹ̀lé e ní 1962, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní 1999. Láti ìgbà náà wá, àwa fúnra wa ni ó ń yan ọmọ wa. Nítorí náà, bí yíyàn bá ní àbùkù nísinsìnyí, àwa ni kí a tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí ọmọ oníṣòwò kan ní Mile 12 yìí yóò gbà dé Ìdí-Àràbà tàbí Ìkẹjà. Lákọ̀ọ́kọ́, yóò yege dáadáa nínú ìdánwò WAEC tàbí NECO, nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì, kẹ́místírì àti báyólójì. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn púpọ̀ sì ń fẹ́ kí ó jẹ́ ní ìjókòó kan ṣoṣo. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò JAMB, àjọ tí Ìjọba dá sílẹ̀ ní 1978. Iṣẹ́ mẹ́rin ni yóò ṣe lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo máàkì rẹ̀ sì jẹ́ 400. Ẹ̀kẹta ni àyẹ̀wò tí Yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe láti ọdún 2005, èyí tí wọ́n ń pè ní Post-UTME. Wọn yóò wá da máàkì wọ̀nyí pọ̀. Ní ibi púpọ̀, wọ́n a pín máàkì JAMB sí ọ̀nà mẹ́jọ kí 400 lè di 50. Máàkì mẹ́rin nínú JAMB a sì di ìdajì máàkì kan. Ìdajì yìí ni ó lè ya ẹni tí ó wọlé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí a ní kí ó padà sílé.

Kò tán síbẹ̀. Ìlànà tí Ìjọba Àpapọ̀ fi lélẹ̀ fún àwọn Yunifásítì tirẹ̀ ni pé, nínú ọgọ́rùn-ún àyè, 45 jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù láìwo ibi tí wọ́n ti wá, 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí Yunifásítì náà ká, 20 sì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tí ì gbilẹ̀. Lórí gbogbo rẹ̀ ni MDCN wà, ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ dókítà, tí ó ń sọ iye ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà gẹ́gẹ́ bí iye olùkọ́ àti ibùsùn aláìsàn tí ó ní. Bí ẹgbẹ̀rún ọmọ bá tilẹ̀ yege, iye tí a kọ sílẹ̀ ni a óò mú. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá sì gbà kọjá iye náà, àwọn ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ìyà rẹ̀ ń jẹ.

Mo fẹ́ kí a yin ìdánwò yìí kí a tó dá a lẹ́bi. Ẹ̀rọ kò mọ orúkọ baba ẹnikẹ́ni. Kò mọ ọmọ Olóyè yàtọ̀ sí ọmọ alárù. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń pàtẹ ata ti gba ọ̀nà yìí di dókítà, ohun tí kì bá ti ṣẹlẹ̀ bí ó bá jẹ́ ẹni mímọ̀ nìkan ni a ń wò. Bí a bá sì ba ìdánwò náà jẹ́, ọmọ tálákà ni yóò kọ́kọ́ pàdánù. A rí i ní oṣù karùn-ún 2025, nígbà tí JAMB jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wọ inú ẹ̀rọ tí ń ka ìdáhùn, tí ó sì kan ọmọ 379,997 ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ Ìlà-Oòrùn Gúúsù. Ọ̀gá àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, sunkún ní gbangba, ó tọrọ àforíjì, a sì tún ìdánwò náà ṣe fún wọn. Ìjẹ́wọ́ náà yẹni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdajì máàkì lè pinnu ayé ọmọ, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ dẹngbẹrẹ mú òṣùwọ̀n.

Wàyí o, ẹni tí ó ń ra tòmátì ní ọjà wa yìí mọ̀ pé ojú apẹ̀rẹ̀ kì í sọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀. Máàkì ni ojú apẹ̀rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni kò sọ fún wa.

Ìkíní ni ìwà. Kò sí ìbéèrè kan nínú JAMB tí ó lè fi hàn wá bóyá ọmọ yìí yóò bú arúgbó, tàbí kí ó fi àṣìṣe pamọ́.

Ìkejì ni èdè. Aláìsàn wa kì í ṣàìsàn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá àgbà yóò wí pé, "Àyà mi ń já," ìyẹn yàtọ̀ sí, "Àyà ń dùn mí." Yóò wí pé òyì ń kọ́ òun, tàbí pé inú ń run òun. Dókítà tí kò mọ ìyàtọ̀ wọ̀nyí lè wo ohun tí kò ṣe é, kí ó fi ohun tí ó ṣe é sílẹ̀.

Ìkẹta ni ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́. Ní 2025, Mínísítà ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ pé dókítà tí ó ju 16,000 lọ ti fi ilẹ̀ wa sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. N kò dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi. Owó oṣù kò tó, iṣẹ́ sì wúwo. Ẹni tí ó bá tilẹ̀ dúró, lẹ́yìn ọdún ìkọ́ṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn àti ọdún ìsìnrú-ìlú, yóò tún ṣe ìdánwò ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn dókítà àgbà, bí irú èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1979, tí ó wà ní Ìjànikin. Lẹ́yìn náà ni yóò máa wá àyè kiri láti ilé-ìwòsàn ńlá kan dé èkejì kí ó tó lè kọ́ ẹ̀ka ìṣègùn kan ní àkọ́jinlẹ̀. Ní ibi àyè wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ "ta ni o mọ̀?" ti máa ń yọjú jù.

Ẹlòmíràn yóò wí pé bí a bá ní kí a máa wo ìwà, ojúsàájú yóò gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀rù náà tọ́. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Kánádà, Yunifásítì McMaster ti wá ọgbọ́n sí i. Ọmọ yóò máa lọ láti yàrá dé yàrá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, olùdánwò ọ̀tọ̀ nínú yàrá kọ̀ọ̀kan: ẹnìkan yóò ní kí ó tu ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú, ẹnìkan yóò bi í ní ohun tí yóò ṣe bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá jalè. Ojú púpọ̀ ni ó wò ó. Kò sí ẹnìkan tí ó lè dá a gbé sókè tàbí kí ó dá a rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà ti gba ọ̀nà yìí. Ọgbọ́n ọ̀gá oníṣègùn àtijọ́ ni, a kàn fi ẹlẹ́rìí púpọ̀ kún un. Kí ni ó dé tí a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí a sì ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún èdè aláìsàn wa?

Nítorí náà, mo ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta láti sọ. Sí ẹ̀yin òbí: ẹ má fi tipátipá ti ọmọ sínú ìṣègùn nítorí iyì. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdọọdún ni a ń gba àwọn ọmọ tí a ti sọ fún nílé pé ẹni tí kò di dókítà kò di nǹkan kan. Ọdún kan sì lè kọjá kí ọmọ bẹ́ẹ̀ tó gbé orí sókè.

Sí ẹ̀yin Olóyè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi wí i: ìwé kékeré tí a kọ ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ nítorí ọmọ kan, ọmọ mìíràn tí kò ní alágbàwí ni ó ń lé jáde. Dípò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí Ẹgbẹ́ yìí ṣí yàrá ìwé kan ní àdúgbò wa, kí kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, kí ọmọ ọjà lè fi ọwọ́ kan án kí ọjọ́ ìdánwò tó dé.

Sí Ìjọba àti àwọn Yunifásítì: ẹ fi olùkọ́ àti ibùsùn kún un kí àyè lè pọ̀, ẹ fi máàkì hàn ní gbangba, ẹ sì wo ìwà àti èdè mọ́ ọn.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ yóò ka ìwé. Tiwa ni kí òṣùwọ̀n jẹ́ òtítọ́.  Kí Ẹgbẹ́ wa máa tẹ̀síwájú, kí ilẹ̀ Yorùbá tòrò.