Owó Ibodè Inú Àlọ́: Bí Òǹkọ̀wé Òde Òní Ṣe Ń Tún Ìtàn Àtijọ́ Pa

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí ni ti òǹkọ̀wé tó mú àlọ́ ọmọdé tí tilé toko ti mọ̀, tó sì fi kọ ìwé ìtàn ìyanu tuntun. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé aṣọ ni irú òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀ ń pààrọ̀ fún ìtàn: ó sọ ààfin di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó sọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin di mọ́tò, ó parí. Èrò tèmi ni pé gbogbo àlọ́ tó pẹ́ láyé ló ní ibodè kan láàárín, níbi tí ẹni tó fẹ́ kọjá ti gbọ́dọ̀ sanwó. Òǹkọ̀wé lè pààrọ̀ arìnrìn-àjò, ó lè pààrọ̀ ẹrù àti ọ̀nà. Bí ó bá wó ibodè yẹn, orúkọ ìtàn àtijọ́ nìkan ló yá lò.

Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn kan ṣe òṣùwọ̀n. Ní 1837, Hans Christian Andersen, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì, tẹ ìtàn ọmọbìnrin inú òkun kan jáde, ẹni tó jẹ́ èèyàn lókè, tó jẹ́ ẹja nísàlẹ̀. Ó gba ọmọ ọba kan là nínú ìjì, ìfẹ́ ọmọ ọba náà sì kó sí i lọ́kàn. Ó tún ń wá ohun tí àwọn ará inú omi kò ní, ìyẹn ọkàn tí kì í kú. Ní tiwọn, bí wọ́n bá lo 300 ọdún tán, ìfófòó omi ni wọ́n ń dà. Àjẹ́ inú òkun fún un lẹ́sẹ̀ méjì, ó sì gé ahọ́n rẹ̀, ó gba ohùn tó dùn ju ti gbogbo ará òkun lọ. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀ dà bí ẹni ń tẹ ojú ọ̀bẹ. Ọmọ ọba wá fẹ́ ẹlòmíràn, nítorí ẹni tó gbà á là kò lè la ẹnu sọ pé òun ni. Owó ibodè rèé: ohun tí ì bá fi gba ìfẹ́ gan-an ló san kí ó tó lè dé ibi tí ìfẹ́ wà.

Àwọn kan yóò sọ pé nígbà tí ìtàn náà ti pé tó báyìí, kí la tún ń fọwọ́ kàn án sí? Ẹ rántí pé Andersen fúnra rẹ̀ ń tún ìtàn pa ni. Ní 1811, Friedrich de la Motte Fouqué ní ilẹ̀ Jámánì ti kọ Undine, níbi tí ọmọ inú omi ti rí ọkàn gbà nítorí pé èèyàn gbé e níyàwó. Andersen kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ingemann, pé òun kò ní jẹ́ kí ọkàn ọmọbìnrin tòun so mọ́ ìfẹ́ ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí ọmọbìnrin náà fi ju ọ̀bẹ tí ì bá fi pa ọmọ ọba, kí òun fúnra rẹ̀ má bàa kú, dànù, tó sì di ara àwọn ọmọ afẹ́fẹ́ tí ń fi iṣẹ́ rere wá ọkàn tiwọn. Àwọn apàlọ́ wa náà mọ ọgbọ́n yìí. Ẹnu apàlọ́ méjì kì í dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yí orin àlọ́ po, àwọn tó ń gbè é ni yóò kọ́kọ́ mú un.

Àwọn mìíràn ní kò yẹ kí ọmọdé fi ẹkún parí ìtàn. Fíìmù Disney ti 1989 lórí ìtàn yìí gba tiwọn rò: ohùn padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin náà, ọmọ ọba sì gbé e níyàwó. Ayọ̀ tí fíìmù yẹn fún àwọn ọmọ kì í ṣe ohun àbùkù. Síbẹ̀, owó ibodè ti di ìdógò tí olówó gbà padà, ọmọ tó bá sì ń gbọ́ irú ìparí bẹ́ẹ̀ nìkan kò ní mọ̀ pé àwọn ohun kan wà tí a kì í rí gbà padà. Àwọn tó ń pa àlọ́ Olúrónbí, ìyá tó fi ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún igi Ìrókò, fún ọmọdé lábẹ́ òṣùpá kò yọ ẹ̀rù inú rẹ̀ kúrò. Wọ́n fọkàn tán ọmọ pé yóò gbé e.

Òǹkọ̀wé kan tún ìtàn yìí pa láìwó ibodè rẹ̀. Ní 2021, Natasha Bowen, òǹkọ̀wé tí ìran rẹ̀ pín sí Nàìjíríà àti Wales, tẹ Skin of the Sea jáde. Nínú rẹ̀, Yemọja sọ ọmọbìnrin kan, Simidele, di màmíwọ́tà, kí ó máa kó ọkàn àwọn tó kú sínú òkun láti inú ọkọ̀ amúnisìn, kí wọ́n lè padà sọ́dọ̀ Olódùmarè. Lọ́jọ́ kan ó yọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Kọ́lá, láàyè nínú omi, ó sì rú òfin tó de iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ lé ìfẹ́ èèyàn, yóò di ìfófòó, gẹ́gẹ́ bíi ti Andersen. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ibodè gbà níbí: bí ìrù ẹja bá ti wà lára Simidele, ìrántí ìgbé ayé rẹ̀ lórí ilẹ̀ ń ṣá lọ. Ahọ́n ni Andersen gé. Ìrántí ni Bowen gbà. Nínú ìtàn tó dá lórí àwọn tí a kó rékọjá òkun, tí a sì gba orúkọ àti ilé lọ́wọ́ wọn, kò sí owó tó tún bá ọ̀ràn náà mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àtakò tó wúwo jù ṣì kù: odò Ògùn ni ti Yemọja, Olókun ló ni òkun, èwo ni ti fífi òrìṣà wa lú ìtàn òyìnbó? Níbi tí òrìṣà bá ti jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lásán, òótọ́ ni àtakò yìí. Ṣùgbọ́n ta ló gbé Yemọja dé òkun? Àwọn olùsìn rẹ̀ tí ọkọ̀ amúnisìn kó lọ ni. Ní Brazil àti Cuba, Yemọja di ìyá òkun, débi pé lọ́jọ́ 2 oṣù Èrèlé lọ́dọọdún, àwọn èèyàn ń gbé ẹ̀bùn rẹ̀ sórí omi òkun ní Salvador ní Brazil. Ìrìn àjò tí ìwé náà ń sọ ló sọ ọ́ di ti òkun.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tún Olúrónbí pa fún ará Èkó òde òní, kó má bẹ̀rẹ̀ láti ara igi. Ìrókò lè di báńkì, ó lè di ìwé ìrìnnà sí òkè òkun. Ohun tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yé òǹkọ̀wé ni bí ìyá kan ṣe wo ojú ọjà, tó wo ojú ọmọ rẹ̀, tó sì fi ọmọ jẹ́jẹ̀ẹ́ níbi tí àwọn yòókù ti fi ẹran ọ̀sìn jẹ́ tiwọn.