Ojú Òkú, Ojú Ààyè

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀ ni wọ́n ti sin òbí yín kí ọkọ̀ tó gbé yín dé ilé. Mo sì mọ ohun tí ó máa ń dun irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jùlọ: kò fojú kan òkú.

Kí fọ́tò tó dé, àwọn ará Yúróòpù ní àṣà kan nítorí irú ìbànújẹ́ yìí. Bí ẹni ńlá bá kú, kíá ni wọn yóò fi òróró pa ojú rẹ̀, wọn yóò po ẹfun bí irú èyí tí dókítà fi ń di ẹsẹ̀ tí ó kán, wọn yóò sì fi bò ó. Bí ó bá gbẹ, wọn yóò ṣí i kúrò, wọn yóò sì da ẹfun mìíràn sínú rẹ̀. Ojú olóògbé ni yóò jáde, títí kan ìlà iwájú orí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti Beethoven, ọ̀gá olórin ọmọ Jámánì, tí ó kú ní Vienna ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹta, ọdún 1827. Ọjọ́ 28 ni ayàwòrán Josef Danhauser tó yọ ojú rẹ̀. Àwọn dókítà ti la òkú náà ṣáájú, wọ́n sì ti yọ eegun ẹ̀bá etí láti wá ìdí tí ó fi dití. Ojú náà ti rún wọlé. Èyí tí Franz Klein yọ ní ọdún 1812, nígbà tí Beethoven ṣì wà láàyè, ni àwọn agbẹ́gilére gbára lé. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Ọmọ tí ó pẹ́ dé ìsìnkú kò pàdánù tó bí ó ti rò.

Ní Ọ̀wọ̀ nílé wa, àwọn àgbà ṣe é lọ́nà mìíràn. Lẹ́yìn ìsìnkú ìjòyè tàbí olówó, wọn a gbẹ́ ère tí a ń pè ní àkó, tí ó ga bí ènìyàn, tí ojú rẹ̀ sì jọ ti olóògbé nígbà ayé rẹ̀. Wọn a fi aṣọ olówó iyebíye wọ̀ ọ́, wọn a sì gbé e yí ìlú ká. Ìnáwó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, n kò sì ní rán ẹnikẹ́ni lọ jẹ gbèsè nítorí òkú. Ṣùgbọ́n ohun tí agbẹ́gilére náà ń wá, ọmọ tálákà ní in lọ́wọ́: ó mọ bí ojú ìyá rẹ̀ ti máa ń rí nígbà tí ó bá yọ sí i láti ìdálẹ̀.