Ìránṣẹ́ àti Ẹni Tí A Rán An Sí: Èrò lórí Ìrìn-àjò Ìhìnrere láti Erékùṣù Èkó



Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. Èmi kì í ṣe òpìtàn, bẹ́ẹ̀ ni èmi kì í ṣe àlùfáà. Ọ̀rọ̀ ni mo máa ń tú wò, ojú ọ̀nà ọ̀rọ̀ náà ni n ó sì gbà dé ibi tí mo ń lọ.

Nínú Bíbélì Yorùbá, ìránṣẹ́ ni a sábà máa ń bá pàdé gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹni tí ń sin ẹlòmíràn. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, ẹni tí a rán ní iṣẹ́ ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ya ẹni tí ń sìn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ń jẹ́ iṣẹ́. Yorùbá kó àwọn méjèèjì sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìránṣẹ́ kì í sì í dá wà. Ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó rán an, ẹnì kan sì wà níwájú rẹ̀ tí a rán an sí. Nígbà tí ó bá padà délé, ohun tí ẹni tí ó rán an yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, "Kí ni ó wí?" Ẹni tí ó jẹ́ iṣẹ́ tí kò dúró gbọ́ èsì kò tíì parí iṣẹ́ tí a rán an.

Kókó tí mo fẹ́ fi síwájú yín lónìí kò ju èyí lọ. Àwọn onígbàgbọ́ tí ń rìnrìn-àjò lọ ran àwọn aláìní lọ́wọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè kì í sábà ṣe aláìláàánú, owó kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n wọn. Èsì ni ọ̀pọ̀ wọn kì í dúró gbọ́. Ìtàn Erékùṣù Èkó ni n ó fi ṣe ẹ̀rí, nítorí pé erékùṣù yìí ti jẹ́ ilé ẹni tí a rán iṣẹ́ sí, ó sì ti jẹ́ ilé ẹni tí ń ránni níṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ìsàlẹ̀ Èkó, ní agbègbè Ìgà Ìdúngànrán. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Èkó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn èbúté tí a ti ń kó ẹrú lọ sí òkè òkun. Ní 1821, ogun kó Òṣogùn, a sì mú ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí níbẹ̀. A tà á, a tún un tà, títí ó fi dé Èkó, níbi tí a ti fi ẹ̀wọ̀n so òun àti àwọn mìíràn pọ̀ lọ́rùn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, a kó o sínú ọkọ̀ Potogí kan tí ń jẹ́ Esperança Felix. Ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon gba ọkọ̀ náà lójú òkun, ó sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró, níbi tí Àjàyí dé ní oṣù kẹfà ọdún kan náà.

Kí ni Àjàyí jẹ́ ní ọjọ́ tí ó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Sàró? Aláìní ni, kò ní ìyá lọ́dọ̀, kò ní baba. Òun gan-an ni irú ẹni tí àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dá owó jọ fún. Wọ́n kọ́ ọ níwèé, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825, wọ́n sì fún un ní orúkọ Samuel Crowther. Ní 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ní 1837, ó kọ lẹ́tà gígùn kan sí àlùfáà William Jowett, nínú èyí tí ó ti ròyìn bí a ṣe mú un àti ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́nà Èkó. Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ lítíréṣọ̀, n kò lè fojú kékeré wo lẹ́tà náà. Ọ̀kan ni ó jẹ́ nínú àwọn ojú ìwé àkọ́kọ́ tí ọmọ Yorùbá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn ara rẹ̀. Ẹni tí a ṣàánú fún ni ó ń fèsì yẹn.

Ní 1841, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, gba orí odò Ọya lọ. Wọ́n fẹ́ dá òwò ẹrú dúró, wọ́n fẹ́ bá àwọn ọba ṣe àdéhùn, wọ́n sì fẹ́ dá oko àwòṣe sílẹ̀ nítòsí ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé. Crowther àti àlùfáà J. F. Schön bá wọn lọ. Nínú àwọn òyìnbó 145 tí ó wà nínú ọkọ̀ náà, 130 ni ibà mú, àwọn tí ó sì kú lé ní 40. Oko náà kò gbé ọdún kan kí ó tó tú ká. Wọ́n mú irinṣẹ́, wọ́n mú àdéhùn tí a ti kọ sílẹ̀ láti ilé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ti bi àwọn onílẹ̀ léèrè bí wọ́n bá ń fẹ́ oko.

Ohun tí Crowther mú ti ìrìn-àjò náà bọ̀ yàtọ̀. Ó ti rí i pé etí ṣáájú ẹnu. Ní 1843, ọdún kan náà tí a fi í joyè àlùfáà ní London, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣe jáde. Ní 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Nígbà tí a tún ìwé ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ ní 1852, òwe kún inú rẹ̀. Ẹ kíyè sí òwe wọ̀nyẹn. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè kó òwe jọ láìjókòó ti àwọn àgbà kí ó sì dákẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Crowther jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí a ní kí ó lọ kọ́. Àwọn baba wa sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí a tà lẹ́rú ní Èkó mọ ìtumọ̀ òwe yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a sọ ìtàn yìí di oríkì lásán. Ní 1851, Crowther wà ní London, ó bá Ọbabìnrin Victoria àti Palmerston sọ̀rọ̀ nípa Èkó àti òwò ẹrú. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin ìbọn lu Èkó, apá kan ìlú jóná, Ọba Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, Akíntóyè sì padà sórí ìtẹ́. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni àwọn oníwàásù wá tẹ̀dó sí Èkó. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ ìhàlẹ̀ ọkọ̀ ogun Prometheus. Òtítọ́ ni pé òwò ẹrú dópin, ìdùnnú ńlá sì ni. Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé a kò dúró gbọ́ èsì Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn Sàró ní Olówógbowó àti àwọn Àgùdà ní Pópó Àgùdà rí ààbò. Àwọn onílé rí i pé àánú dé pẹ̀lú ìbọn.

Láti erékùṣù yìí ni iṣẹ́ odò Ọya ti gbilẹ̀. Ní 1854, Crowther bá Baikie lọ nínú ọkọ̀ Pleiad. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ń lo egbòogi quinine déédéé, ibà kò sì pa òyìnbó kankan. Ní 1857, wọ́n fi J. C. Taylor sí Onitsha. Ilẹ̀ Sàró ni a bí Taylor sí, ṣùgbọ́n ọmọ Igbo ni àwọn òbí rẹ̀ tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú. Ní ọdún náà ni Crowther ṣe ìwé kíkà Igbo kan jáde. Igbo tí wọ́n ń pè ní Isuama ni wọ́n fi kọ ọ́, èdè tí ó dàgbà láàrin àwọn tí a dá sílẹ̀ ní Freetown. Kò sí ìlú Igbo kan pàtó tí ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nígbẹ̀yìn wọ́n sì pa á tì. Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí: ìbátan nìkan kò tó. Ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ tí ó padà sílé baba rẹ̀ ṣì ní láti tún èdè ilé kọ́ lẹ́nu àwọn tí kò kúrò nílé.

Ní 1864, a fi Crowther joyè Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Síbẹ̀, Èkó ni ibùgbé rẹ̀. Ó máa ń lọ bẹ àwọn ìjọ odò Ọya wò ni, nígbà tí omi bá kún tí ọkọ̀ lè gòkè. Títí di 1878, tí wọ́n fún un ní ọkọ̀ Henry Venn, ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ni ó ń bá lọ. Àwọn Sàró tí ó fi sí ibẹ̀ ṣe aáyan púpọ̀, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, àwọn kan sì rí ara wọn bí ọ̀làjú láàrin aláìmọ̀kan. Bí ẹ̀sùn ṣe ń jáde nìyẹn, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni irọ́. Ní 1890, ìgbìmọ̀ kan jókòó ní Onitsha, níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọdé òyìnbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti dá àwọn òṣìṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù dúró lójú rẹ̀. Bàbá arúgbó náà fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn tí a rán Crowther sí ńkọ́? Nínú gbogbo àríyànjiyàn náà, kò sí ẹni tí ó pe àwọn obìnrin ọjà Onitsha tàbí àwọn apẹja Delta láti wá jẹ́rìí. Ní 1892 ni àwọn ìjọ Delta fèsì fúnra wọn: wọ́n dá ara wọn dúró, wọ́n sì ń gbọ́ bùkátà ara wọn.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ ọkọ̀ lọ sí Erékùṣù lónìí yóò gbọ́ tí àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pariwo "CMS". Orúkọ ẹgbẹ́ tí ó rán Crowther níṣẹ́ ni wọ́n ń pè, ó ti di ibùdókọ̀. Èkó ti di ẹni tí ń ránni níṣẹ́. Àwọn ìjọ rẹ̀ ń kó dókítà, nọ́ọ̀sì, àpò oògùn àti awò ojú kọjá ẹnubodè lọ sí ilẹ̀ mìíràn.

Mo ti bá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kan lọ sí abúlé kan lẹ́bàá Ṣàkẹ́tẹ́, ní ilẹ̀ Benin. Nítorí pé ilẹ̀ tí ń sọ Faransé ni, àwọn tí ó ṣètò ìrìn-àjò náà háyà ògbufọ̀ Faransé. Dókítà ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ń sọ ọ́ di Faransé, olùkọ́ abúlé náà ń sọ Faransé di Yorùbá fún àwọn aláìsàn. Ìyá àgbàlagbà kan ní, "Àyà mi ń já." Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi gba ẹnu mẹ́ta dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti di pé àyà ń dun ìyá náà. Wọ́n ń ka oògùn fún un lọ. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni dókítà náà, etí rẹ̀ sì ti gbọ́ ohun tí ìyá sọ. Ó fi kálàmù sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí ló ń já yín láyà?" Ìyá náà wò ó, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin náà ń gbọ́ èdè wa ni?" Ó wá sọ pé ọmọkùnrin òun lọ wáṣẹ́ sí Èkó, òun kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Kò bẹ̀ wọ́n fún oògùn. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ òun sílẹ̀, kí wọ́n bá òun bèèrè rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá délé. Wọ́n sì kọ ọ́.

N kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú tí wọ́n tún ṣe ní ọjọ́ náà ríran, àwọn ọmọ tí ibà ń ṣe sì gbádùn. Ohun tí mo ń fà yọ ni pé ààlà tí òyìnbó fà sáàrin wa ti wọ inú àánú wa. A ti kọ́ láti ka ẹni tí ń sọ èdè ìyá wa sí àjèjì kí a tó lè ràn án lọ́wọ́. Bí a kò bá sì kíyè sára, oògùn tí kì í ṣe ti àìsàn náà ni a ó máa pín, a ó sì padà sílé pẹ̀lú àwòrán àti ìdúpẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ìjọ ni pé kí wọ́n má ṣe ka iye àpótí oògùn nìkan nínú ìròyìn wọn. Kí wọ́n kọ ohun tí àwọn tí wọ́n lọ bá sọ sínú rẹ̀, pàápàá ohun tí kò bá ètò wọn mu. Kí wọ́n sì padà sí ibi kan náà, nítorí pé èsì kì í sábà jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ wa pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. A ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní àrọ́fọ̀ àti ìtàn àròsọ, ó dára. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn tí yóò di dókítà, nọ́ọ̀sì àti oníwàásù ní bí a ṣe ń gbọ́ Yorùbá àgbà, àti ti Ṣàkẹ́tẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ pẹ̀lú. Ìwé ọ̀rọ̀ àti òwe ni Crowther fi bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò tíì parí, ọwọ́ wa ni ó sì kù sí.