Fáyólìn Ọmọdé: Kí A Rà Á Ni, Tàbí Kí A Háyà Rẹ̀?



Ọmọ tí ń bẹ òbí rẹ̀ pé òun fẹ́ kọ́ fáyólìn ń pọ̀ sí i láàárín wa. Ó dára. Ohun èlò olókùn kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn onísákárà ti ń ta gòjé tipẹ́. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni èyí: ṣé kí òbí yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti rà á ni, tàbí kí ó háyà rẹ̀?

Fáyólìn dà bí bàtà ọmọdé: ó ní ìwọ̀n. Ọmọ ọdún mẹ́fà sábà máa ń lo ìdámẹ́rin (1/4). Ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, ó di ìdajì (1/2). Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ó di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin (3/4). Láti bí ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá lọ, ó di odidi (4/4). Fáyólìn mẹ́rin nìyẹn láàárín ọdún mẹ́fà! Ẹ má sì ra ńlá sílẹ̀ pé ọmọ yóò dàgbà bá a. Ọrùn àti apá ni yóò máa dùn ún. Kí olùkọ́ wọn apá ọmọ kí ẹ tó náwó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni o, kì í ṣe iye ọjà. Ká ní èyí tó kéré jẹ́ ₦80,000, tí a sì lè tà á ní ₦40,000 nígbà tí ọmọ bá tóbi jù ú lọ. Ohun tí ó ná wa gan-an jẹ́ ₦40,000. Bí owó háyà bá jẹ́ ₦4,000 lóṣù, oṣù mẹ́wàá ni méjèèjì yóò fi dọ́gba. Bí ọmọ bá lò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, rírà ló dín owó kù. Bí ó bá sì sú u ní oṣù kẹta, ₦12,000 péré ló lọ.

Nítorí náà, ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ háyà. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bèèrè: ta ni yóò sanwó bí okùn bá já, tàbí bí igi bá là nígbà ọyẹ́? Ǹjẹ́ a lè pààrọ̀ rẹ̀ sí ìwọ̀n tó tóbi jù ú lọ? Ǹjẹ́ wọn yóò yọ owó háyà kúrò lára iye rẹ̀ bí a bá fẹ́ rà á? Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá dé odidi, tí ó sì ń tẹ̀ síwájú, ìgbà náà ni kí ẹ yáwó rà á, nítorí yóò lò ó títí di àgbà.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, kò rọrùn láti rí ẹni tí ń fi fáyólìn háyà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wúlò. Bí òbí mẹ́jọ bá ra mẹ́jọ, láìpẹ́ mẹ́jọ ni yóò máa gba eruku nínú yàrá. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá ra méjì-méjì nínú àwọn ìwọ̀n kékeré, ọmọ kan yóò dá tirẹ̀ padà, òmíràn yóò gbà á. Owó díẹ̀ tí a bá ń san lóṣù la ó fi máa ra okùn tuntun. Kí akápò sì kọ orúkọ ẹni tí ó gbà á sílẹ̀, àti bí ó ṣe rí lọ́jọ́ náà.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mo bẹ̀ yín, kí ìgbìmọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò kí ìpàdé ọdọọdún wa tó dé.