Ọkọ̀ Òfurufú Kékeré Tó Wà ní Umuahia

  

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ni láàárọ̀ yìí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà ní Umuahia tí wọ́n kó ohun èlò ogun abẹ́lé tó wáyé láàárín Nàìjíríà àti Biafra sí. Ọdún 1985 ni wọ́n ṣí i. Ẹni tó bá dé ìdí ọkọ̀ òfurufú ogun Biafra níbẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ṣé báyìí ló ṣe kéré tó?

Ó kéré lóòótọ́. MFI-9 ni. Sweden ni wọ́n ti ṣe é, èèyàn méjì péré ló ń gbà, kì í sì í ṣe ogun ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Ní 1969, Carl Gustaf von Rosen, ará Sweden tó ń jà fún Biafra, so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ìyẹ́ apá irú ọkọ̀ yìí. Òun àtàwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ fò nílẹ̀nílẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí igi, wọ́n kọlu pápákọ̀ òfurufú Port Harcourt. Ta ni ì bá tètè rí wọn?

Ẹ̀yin ìdílé ọmọ ogun ojú omi, tiyín náà wà níbẹ̀: ọkọ̀ ojú omi NNS Bonny, lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Èyí tó wu oníṣẹ́ rédíò jù ńkọ́? Ihò abẹ́ ilẹ̀ tí Rédíò Biafra ti ń sọ̀rọ̀ ni. Ìbẹ̀rù ọkọ̀ òfurufú ogun Nàìjíríà ló gbé wọn wọlẹ̀. Ẹ rò ó wò: ẹni tó jókòó ti gbohùngbohùn níbẹ̀, kí ló ń gbọ́ lókè orí rẹ̀?