Onímọ̀ Ìtàn àti Èdè Àwọn Tí Ó Ń Kọ Ìtàn Wọn

Ẹnu ni ọ̀rọ̀ àná sábà máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ ará òní. Nítorí náà ni ìbéèrè alẹ́ yìí fi ṣe pàtàkì: ǹjẹ́ ẹni tí kò gbọ́ èdè ìlú lè kọ ìtàn ìlú?

Ní ilẹ̀ Íńdíà, ìdáhùn ti hàn tipẹ́. Ó ti lé ní 2,000 ọdún tí ọba Ashoka ti kọ àṣẹ rẹ̀ sára òkúta. Ní 1837 ni James Prinsep tó tú àdììtú lẹ́tà wọn. Ṣùgbọ́n kíka lẹ́tà kò tó. Prakrit ni èdè ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì bá ti Gíríìkì àti Aramaic ní Kandahar. Ẹni tí ó gbọ́ Sanskrit nìkan kò lè dá gbogbo rẹ̀ tú.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹnu àgbà ni òkúta ọ̀hún. Kí a mú Zion Pepe, létí òkun Ìlàjẹ, ṣe àpẹẹrẹ. Onímọ̀ ìtàn tí ó ti Ọ̀yọ́ wá síbẹ̀ lè rò pé Yorùbá kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ṣùgbọ́n ìwádìí Abíọ́dún Adétugbọ̀ ní 1967 fi hàn pé nínú ẹ̀ka-èdè ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn, níbi tí a ka Ìlàjẹ mọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó dúró fún ‘ẹ’ àti ‘wọ́n’. Bí àgbàlagbà bá ń sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ ibì kan dó, àlejò lè kọ ‘ẹ wá’ sílẹ̀ níbi tí bàbá ti wí pé ‘wọ́n wá’. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ohun tí a kọ sínú ìwé lónìí lè di ẹ̀rí ní kóòtù lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ìtàn Mọremí. Àwọn Ìgbò ni a ní wọ́n ń kó Ifẹ̀ lẹ́rú, àwọn kan sì rò pé àwọn ará òdìkejì odò Ọya ni. Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi ‘u’ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀; ohun tí Èkìtì ń pè ní ulé, ilé ni ó ń pè é. Ìlàjẹ náà ń fi ‘u’ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, Ùgbò, ìlú Olúgbò, lè di Ìgbò lẹ́nu ará Ọ̀yọ́. Àwọn Ùgbò fúnra wọn sì ń sọ pé Ifẹ̀ ni àwọn ti ṣí wá. Ìró ọ̀rọ̀ nìkan kò tó láti fi dájọ́. Ilẹ̀kùn ìwádìí ni ó ṣí, ẹni tí kò gbọ́ ẹ̀ka-èdè náà kò sì ní mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà níbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ògbufọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yé ògbufọ̀ nìkan ni ó lè túmọ̀; bí òun náà bá ṣì í gbọ́, ta ni yóò tọ́ ọ sọ́nà?

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kọ́kọ́ jókòó ti àwọn àgbà, kí ó gbọ́ èdè wọn yé, kí ó tó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀.